Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ọmọ Ti Gba Kíndìnrín Tuntun, A Ti Délé

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé lórí àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀ ni lẹ́tà ti ń wọlé, púpọ̀ nínú àwọn tó sì kọ ọ́ ló ti kọjá ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún ọmọ wọn, wọ́n ti gbé e délé, wọ́n wá rí i pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọdún 27 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ya ojú ìwé tòní sọ́tọ̀ fún wọn. Mo ti yọ orúkọ kúrò lára gbogbo lẹ́tà, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rin, ó wọn kílò 14. Kíndìnrín bàbá rẹ̀ ni wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti délé. Oògùn mẹ́jọ ló ń lò, ó máa ń pọ òmíràn jáde. Wọ́n ní kó máa mu omi lítà méjì lójúmọ́. N kì í sùn. Mo máa ń dìde lóru lọ gbọ́ bóyá ó ń mí. N kì í jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ ọn. Inú gbogbo èèyàn ń dùn, èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Ṣé bí mo ṣe máa wà nìyí? — Ìyá Ọmọ Ọlọ́dún Mẹ́rin*

Ìyá ọmọ, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe àìmoore rárá. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ń jí lóru nítorí yín, ẹ̀rọ ń dún, dókítà ń wọlé láràárọ̀. Ọjọ́ tí ẹ délé ni gbogbo rẹ̀ já lé yín léjìká. Mo ti rí ju ìyá kan lọ tó sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé, ẹkún ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ayọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí omi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa ń rú àwọn òbí lójú jù. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, "má mu omi" ni ọmọ yìí ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí pé kò sí ibi tí omi náà máa gbà jáde. Lónìí, "mu omi" ni. Ohun tó yí padà ni pé kíndìnrín àgbàlagbà ló wà nínú ọmọ kílò 14. Ó tóbi ju ibi tí wọ́n máa ń gbé e sí lára àgbà, ìyẹn ìsàlẹ̀ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Nítorí náà, bí ọmọ bá kéré tó báyìí, inú ikùn gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, wọ́n á sì so àwọn iṣan rẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó gba ẹ̀yìn ikùn kọjá. Ìdí tí ikùn rẹ̀ fi dà bí ẹni pé ó yọ díẹ̀ nìyẹn. Kíndìnrín yìí ti mọ́ ara ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ tó sì ń béèrè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ti ọkùnrin ni. Ọkàn kékeré ọmọ yín ló ń bù ú fún un báyìí. Bí omi bá dín kù lára rẹ̀, kíndìnrín náà ló kọ́kọ́ máa jìyà.

Torí náà, lítà méjì náà kì í ṣe àbá, oògùn kẹsàn-án ni. Ẹ wọ̀n ọ́n sínú ìgò láàárọ̀, kí ẹ lẹ ìlà sára ìgò: ibi tó yẹ kó dé kí oòrùn tó kan àtàrí, ibi tó yẹ kó dé kí ó tó wẹ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá ti fi ìlà sí i, ẹ ò ní máa lé e kiri pẹ̀lú ife ní gbogbo ìṣẹ́jú. Bí kò bá lè mu ún tán, ẹ sọ fún àwọn dókítà yín láìfi nǹkan bò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú tàbí ikùn fún lómi lóru fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe àbùkù fún ìyá kankan. Ọjọ́ tí ó bá ń bì tàbí tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wo ilẹ̀ ọ̀la.

Ó tún ṣeé ṣe kó máa tọ̀ sórí ibùsùn. Ẹ má bá a wí. Mo tọ́jú ọmọ kan tó jẹ́ ọdún mẹ́ta àbọ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ láti kékeré débi pé kò mọ bí ìtọ̀ ṣe ń rí. Lọ́jọ́ tí a yọ rọ́bà ìtọ̀ lára rẹ̀, ó dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ara rẹ̀, ó fi igbe ta: "Nọ́ọ̀sì, mò ń jò!" Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àpòòtọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta máa ń kéré, ó ní láti tún iṣẹ́ kọ́. Ẹ ní sùúrù fún un.

Ó wá kan oògùn. Nínú mẹ́jọ tí ẹ ń fún un, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi dá ara lọ́wọ́ kọ́ kó má bàa bá kíndìnrín jà: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone. Àwọn yòókù ń dènà àrùn ni, tàbí wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tàbí wọ́n ń dá àwọn iyọ̀ ara tó ń bá ìtọ̀ lọ padà. Ẹnì kan lè bi yín pé kí ló dé tí ọmọ yóò fi máa lo oògùn títí ayé nígbà tó jẹ́ pé kíndìnrín bàbá rẹ̀ ni. Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ. Pípààrọ̀ kíndìnrín tó kọ́kọ́ yọrí sí rere láyé, Dókítà Joseph Murray ló ṣe é ní Boston ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954. Ronald Herrick ló fún Richard, ìbejì rẹ̀. Ẹyin kan náà ni wọ́n ti jáde, ara Richard kò sì mọ̀ pé àlejò wọlé. Kò lo oògùn kankan láti fi tu ara lójú, ó sì fi ọdún mẹ́jọ kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọ tiyín kì í ṣe ìbejì bàbá rẹ̀. Ìdajì ohun tó dá a ló ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ yín. Ìdajì tí kò bá ti bàbá mu yẹn ni oògùn ń bẹ̀bẹ̀ fún láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

Nítorí náà aago ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́ ni èkejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ láti wo ìwọ̀n tacrolimus, ẹ má fún un ní ti àárọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ gbé e dání. Ẹ má gbàgbé, èsì tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn oògùn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni sírínjì. Ẹ jókòó kí ẹ tó fa oògùn. Ẹ gbé e sókè kó ṣe déédéé ojú yín, ẹ wo ibi tí etí rọ́bà dúdú inú rẹ̀ bá ìlà mu, ẹ fi èékánná ta á lára kí afẹ́fẹ́ gòkè, kí ẹ tì í jáde, kí ẹ tún wò ó. Kí ẹ sì mọ ìwọ̀n oògùn ọmọ yín ní mílígíráàmù, kì í ṣe ní mílílítà nìkan. Ìdí rẹ̀ ni pé mo rí ìyá kan tí ilé oògùn kan fún ní ìgò tuntun. Agbára tinú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un. Ìlà kan náà ló ń fà á dé bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó rí i pé ọwọ́ ọmọ ń gbọ̀n débi pé ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló rí i, kì í ṣe àwa. Ó gbé e wá, a wọn oògùn inú ẹ̀jẹ̀, ó ti ga kọjá ààlà. Ọmọ náà yè, kíndìnrín náà yè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ gbogbo òbí pé kí wọ́n ka ara ìgò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gba tuntun, kí wọ́n fi ti àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní.

Ní ti pípọ̀ ọ́ jáde: ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún un, díẹ̀díẹ̀, kó gbé ọ̀kan mì kí ẹ tó fa òmíràn. Ẹ má pò ó mọ́ ife omi ńlá, torí bí kò bá mu ún tán, ẹ ò ní mọ èyí tó wọnú. Bí ó bá bì, ẹ wo aago, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣẹ́jú báyìí lẹ́yìn oògùn ni, kí ẹ sì pe àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á sọ bóyá kí ẹ tún un fún un. Ẹ má fi ojú dá a.

Ní ti òru tí ẹ fi ń gbọ́ èémí rẹ̀, ibi tí ẹ ń wò kọ́ ni ewu máa ń gbà wá. Ara gbígbóná tó dé 38, ìtọ̀ tó dín kù, ìwọ̀n kílò tó fò sókè lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó ru, ibi kíndìnrín tó ń dùn ún tí ẹ bá fọwọ́ kàn án: àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ máa ṣọ́, ojúmọmọ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣeé rí. Ẹ ra ìwé kan. Láràárọ̀, kó tó jẹun, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kan náà, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ara gbígbóná rẹ̀, ẹ kọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ru tó bí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ kọ omi tó mu. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ pa ìwé náà dé. Bàbá rẹ̀ kò tíì lè gbé ohun tó wúwo, ṣùgbọ́n ó lè jí. Ẹ pín òru láàárín ara yín.

Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá ṣeré ńkọ́? Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni oògùn yìí máa ń le jù, ìgbà náà ni kí ẹ sì ṣọ́ra jù. Ẹ yẹra fún ibi tí èrò ti há, ẹ dá ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tí ikun ń dà nímú padà láìtijú, kí gbogbo ọwọ́ tó bá máa kàn án rí ọṣẹ àti omi. Ṣùgbọ́n ọmọ kan tí ara rẹ̀ dá, tó ti fọwọ́, kí ló ṣe tí kò ní wọlé wá bá a tò búlọ́ọ̀kù? Ọmọ yín ti fi ìdajì ayé rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí kó lè ṣeré ni bàbá rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa rántí kíndìnrín yẹn ní aago méje àti aago méje. Òun, ẹ jẹ́ kó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

*Màmá, èmi ni mo fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ní kíndìnrín kan. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá creatinine rẹ̀ gòkè láti 38 sí 61, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣeré, kò sí ibi tó ń dùn ún. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé bíńtín lára kíndìnrín náà, wọ́n ní ara rẹ̀ ti ń kọ̀ ọ́. Wọ́n fa oògùn sí i nínú iṣan fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti ń wálẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé kíndìnrín tèmi ni kò dáa? Ó tún ti di oníbìínú, ojú rẹ̀ wú, ó bu ìyá rẹ̀ jẹ lánàá. N ò mọ ọmọ mi mọ́. — Bàbá Tó Ń Ronú*

Bàbá, ẹ kú ìnáwó ara. Rárá o. Kì í ṣe pé kíndìnrín yín kò dáa. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tó lágbára jù láyé ni wọ́n gbé sí i, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ lè dìde sí i bákan náà, torí wọn kì í bi í bóyá ó dáa. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Creatinine jẹ́ ìdọ̀tí tí iṣan ara ń mú jáde, kíndìnrín ló sì ń kó o dànù. Èyí tí kíndìnrín bá fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kà fún yín. Bí ó bá ń gòkè, iṣẹ́ ti ń pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti rí i fúnra yín pé ọmọ ń ṣeré nígbà tó ń gòkè. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ṣe. Wọ́n tètè rí i, wọ́n tètè fún un ní oògùn, ó sì ti ń gbọ́. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́ tí kíndìnrín náà sì ń bá wọn lọ síléèwé títí di ọ̀dọ́. Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè kan: kí ni ìwọ̀n tacrolimus rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà? Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ jọ wá ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) tàbí ti wárápá kan tí wọ́n fún un níbòmíràn, torí àwọn oògùn kan máa ń jẹ tacrolimus run, àwọn mìíràn sì máa ń mú un pọ̀ jù. Ibuprofen tí àwọn èèyàn ń lò fún ara ríro, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín fún un rárá. Ó ń ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso grapefruit, ó ń gbé tacrolimus sókè.

Ẹ ní kí n sọ òótọ́, mo sì máa sọ ọ́ tán. Kíndìnrín tí alààyè bá fúnni sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 15 sí 20, ti ẹlòmíràn máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yín jẹ́ ọdún márùn-ún. Ó ṣeé ṣe kó tún nílò òmíràn nígbà tó bá dàgbà. Èyí kò sọ ẹ̀bùn yín di asán. Nínú ọdún wọ̀nyí ló máa ga, tó máa kàwé, tí ọpọlọ rẹ̀ máa dàgbà láìsí ìdọ̀tí nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ìyẹn fún un tó bẹ́ẹ̀.

Ojú tó wú àti ìbínú yẹn, prednisolone ni púpọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn èyí tí wọ́n fà sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, torí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ó ń mú kí ebi máa pa á, ó ń lé oorun, ó ń yí ìṣesí ọmọ padà. Bí wọ́n bá ti ń dín in kù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn á fà. Ẹ fún un láàárọ̀ bí dókítà bá gbà, kó má bàa gba oorun rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àlejò máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn nìkan. Ẹ rántí pé àgbàlagbà mẹ́rin ti dì í mú kí wọ́n lè gún un. Ọmọ ọdún márùn-ún kò ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, eyín ló ní. Ẹ dá àṣẹ díẹ̀ padà fún un: ọwọ́ wo ni kí wọ́n gún, àwọ̀ bàǹdéèjì wo ni kí wọ́n lẹ̀, ṣé orí itan Dádì ni tàbí ti Mọ́mì. Ìpara kan wà tí wọ́n ń fi ra awọ ara kí abẹ́rẹ́ má bàa dùn ún. Ẹ ní kí wọ́n fi í fún un, kí ẹ fi ra á lára ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ má sì purọ́ fún un pé kò ní dùn ún. Ẹ ní, "Á dùn ọ́ díẹ̀, mo máa di ọwọ́ rẹ mú, á sì tán." Ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ tí wọ́n bá ti tàn lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń gba wa ní oṣù mẹ́fà kó tó tún gbà wá gbọ́.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí i, bàbá. Láéláé, ì báà jẹ́ nínú ìbínú, ẹ má sọ fún un pé, "Lẹ́yìn tí mo fún ọ ní kíndìnrín mi." Kò bẹ̀ yín. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tiyín lọ́dọọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀. Èyí tó kù lára yín ti ń tóbi sí i láti gbé iṣẹ́ méjì. Ẹ tọ́jú rẹ̀.

*Ọmọ-ọmọ mi tó gba kíndìnrín lóṣù méje sẹ́yìn ń gbé lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì yọ sí ẹ̀gbọ́n náà lára lánàá. Mo fẹ́ fi ewé wẹ àwọn méjèèjì, kí n sì fún wọn mu. Àti pé ṣé kí n gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbà? — Ìyá Àgbà*

Màmá, ẹ kú ọmọ wíwò. Ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná, kí ẹ pe ilé ìwòsàn ọmọ náà nísinsìnyí, bí ẹ kò bá tíì pè wọ́n. Lára ọmọ tó gba kíndìnrín, ṣíkìnpọ́ọ̀sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ní in ti ń ràn án láti bí ọjọ́ méjì kó tó yọ síta, torí náà ẹ ka ọmọ kékeré sí ẹni tí ó ti kàn. Oògùn wà fún un, bóyá abẹ́rẹ́ tàbí èyí tí yóò máa mu, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń gba nǹkan lọ.

Ewé mímu, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ má fún un. Mi ò sọ pé ewé kò dáa. Èyí tó bá dáa fún ẹlòmíràn lè lé tacrolimus kúrò lára rẹ̀. Ewé St John's wort, tí àwọn èèyàn ń mu fún ìbànújẹ́ ọkàn, ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àjẹsára tí kòkòrò rẹ̀ wà láàyè, irú ti ibà pọ́njú tàbí ti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu, kò tọ́ sí i mọ́ àfi bí àwọn dókítà kíndìnrín bá sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù tí kòkòrò wọn ti kú, ó yẹ kó gbà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kí ó máa gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti rọpárọsẹ̀, èyí tí wọ́n ń gún ni kó gbà.

*Olùkọ́ ni mí. Ọmọ kan ń padà bọ̀ sí kíláàsì mi lẹ́yìn tó gba kíndìnrín. Kí ni kí n ṣe, kí ni kí n má ṣe? — Olùkọ́*

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Jẹ́ kí ìgò omi wà lórí tábìlì rẹ̀, kó máa lọ tọ̀ nígbàkigbà láìtọrọ àyè. Bí ọmọ mìíràn bá ní àrùn tó ń ràn ní kíláàsì, ẹ pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Kó sáré, kó fò, kó ta bọ́ọ̀lù bí dókítà rẹ̀ bá gbà. Ohun tí a kò fẹ́ ni ohun tó máa gbá a nínikùn, irú ìjàkadì àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Kó dé fìlà nínú oòrùn, torí oògùn rẹ̀ máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè ba awọ ara jẹ́. Ẹ má dúró níwájú kíláàsì kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ọmọ kan ní wọ́ọ̀dù wa fúnra rẹ̀ gbé bèbí tó lẹ bàǹdéèjì sí níkùn lọ síléèwé, ó ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ bèbí náà.

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yìí, bírò aláwọ̀ osàn ni wọ́n fi kọ ọ́, lórí abala ìwé tí wọ́n ya láti inú ìwé iṣẹ́ àmúrelé.

*Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Àbúrò mi gba kíndìnrín Mọ́mì. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìbí mi bọ́ sí ìgbà tí wọ́n wà nílé ìwòsàn, kò sí ẹni tó rántí. Nígbà míì mo máa ń kórìíra rẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń dùn mí. Tí kíndìnrín yìí bá bàjẹ́, ṣé tèmi ni wọ́n máa yọ? — Ẹ̀gbọ́n*

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Mo kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dẹ́rù bà ọ́ jù: rárá. Wọn kì í yọ kíndìnrín ọmọdé fún àbúrò rẹ̀. Àgbàlagbà ló ń fúnni, àgbàlagbà tó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń fi ojú yẹn wò ọ́. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú àìsàn àbúrò rẹ lè mú ìwọ náà, sọ pé o fẹ́ bá wọn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún máa rí dókítà, kí o bi í fúnra rẹ. Ó máa dá ọ lóhùn, torí ìbéèrè tó dáa ni.

Ìkórìíra tí o ní yẹn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tó pọ̀ ju bí o ṣe lè kà lọ, àwọn ọmọ dáadáa ni gbogbo wọn. Ó rẹ̀ ọ́ ni. Àwọn àgbà ń sá eré ẹ̀mí, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ọ́, wọn ò mọ̀. Ọjọ́ ìbí tó kọjá yẹn, tìrẹ ni, ó sì tọ́ kí wọ́n san án padà fún ọ. Kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan láti béèrè. Béèrè fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí Mọ́mì máa jẹ́ tìrẹ nìkan, tí wọn ò ní dárúkọ kíndìnrín.

Fi ìwé yìí hàn wọ́n. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti fún wọn lọ́wọ́, gbé e sórí àpótí oògùn àbúrò rẹ kí o tó lọ sùn. Mọ́mì máa ṣí i ní aago méje.